Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ojú Oró

Òtútù ń fi èékánná ha fèrèsé ní Ostrava.
Radovan jókòó ti àpótí gíláàsì tí Zdena fi sílẹ̀:
omi ogójì lítà, ẹja méjìlá,
ìkọ̀ọ̀kan wọn kò gùn ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ,
ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́, pupa díẹ̀ níbi ìrù.
Zdena ti pa ipò dà kí igi òpópónà ó tó wọ́wé.
Ike ni gbogbo ewé tó wà nínú omi náà,
etí wọn mú bí abẹ,
wọ́n ti fa lẹbẹ ẹja kan ya.

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Radovan fi wa èédú
lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ọ̀sán àti òru ti ń jẹ́ orúkọ kan náà.
Kò gbin nǹkan kan rí láyé,
àfi àlùbọ́sà kan tó hù fúnra rẹ̀ nínú àpò.
Ó wọ bàtà yìnyín, ó wọ tíráàmù,
ó lọ bá Milada ní ṣọ́ọ̀bù ẹja.

Ó nawọ́ sí ewé kan tó pọ́n bí osùn.
"Èyí nìyàwó mi ìbá mú."
"Ẹja wo lẹ ní, Bàbá? Iná ńkọ́?"
Gílóòbù kan ṣoṣo ni, ó sì ti pẹ́.
"Ewé yìí, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ.
Iná tó lè bọ́ ọ yó, ojú ẹja yín kò lè gbà á.
Abẹ́ igi, nínú omi dúdú bíi tíì, ni ìran wọn ti wá."
Síbẹ̀ ó rà á.
Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ewé osùn di ọbẹ̀.

Nígbà tó padà dé, Milada kò ní, "Ṣé mo wí?"
Ó fa ewé kúkúrú kan yọ, tó le bí awọ bàtà,
ọmọ odò tó ń ṣàn lábẹ́ igbó Kamẹrúùnù.
"Ẹ má bo ìdí rẹ̀ mọ́ iyanrìn, yóò rà.
Òwú ni kẹ́ ẹ fi dè é mọ́ òkúta.
Ó dà bí àfòmọ́,
àmọ́ kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbà á sílé."

Òwú dúdú Zdena, láti inú agolo bisikíìtì.
Ọwọ́ tó ti gbé òpó ti òrùlé ihò rí
kò lè ta kókó kan.
Ó yọ̀. Ó tún un ta. Ó ṣẹ́ èpè ibi iṣẹ́ àtijọ́.
Ìgbà kẹrin ló tó dúró.

Vojtěch aládùúgbò gbé ẹja wúrà ńlá wá nínú báàgì,
kí ilé má baà dá.
Radovan dá a padà tìyìn-tìyìn:
yàrá àwọn kan ni oúnjẹ àárọ̀ eléyìí.

Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń wúre pé
ojú oró ní ń lékè omi,
òṣíbàtà ní ń lékè odò.
Mo ti ṣe àmín sí i títí ohùn mi fi há.
N kò bèèrè rí
ta ló wà lábẹ́ ẹni tó lékè.

Radovan ra ojú oró márùn-ún.
Kí oṣù ó tó lé méjì, ojú omi dí pa.
Inú ẹja dùn sí òjìji náà, ìlà búlúù wọn ń tàn,
ṣùgbọ́n ewé orí òkúta ń ràn, ó ń pọ́n rúsúrúsú.
Radovan, tó mọ ohun tí ìsàlẹ̀ ń jẹ́,
ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè,
ó kó ìdajì dànù.
Ìdajì péré.

Ní oṣù Kejì ewé tuntun kan yọ
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó òwú, ó ká bí etí ọmọ tuntun.
Aago mẹ́sàn-án lù, ó pa iná,
ó sì jókòó síbẹ̀ nínú òkùnkùn.
Ewé ike Zdena wà nínú agolo bisikíìtì,
ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti nù wọ́n gbẹ.